Ọ̀dà Kò Lè Wo Rímù Tí Ó Ti Sán

Ẹ̀yin awakọ̀ àti onímọ́tò Ọ̀tà àti Sángo,

Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí ń ná ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta ni ó ti gbó, tí òjò àti ẹrẹ̀ sì ti mú kí rímù wọn dípẹtà. Ó yẹ kí a tún wọn kùn, nítorí ọ̀dà kì í jẹ́ kí omi kan irin. Ṣùgbọ́n ọ̀dà tí a kùn bo ìpẹtà dà bí aṣọ tuntun tí a fi bo egbò.

Nítorí náà, kí fọkanáísà kọ́kọ́ tú afẹ́fẹ́ táyà dànù, kí ó sì bọ́ táyà kúrò. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà títí irin yóò fi hàn, kí ẹ sì wo àyíká ihò nọ́ọ̀tì fínnífínní. Bí ẹ bá rí ibi tí ó sán, ẹ má ṣe kùn ún, ẹ má sì ṣe jó o pọ̀. Ẹ ra òmíràn.

Bí ó bá dára, ẹ kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí ń dènà ìpẹtà. Nígbà tí ó bá gbẹ, ẹ kun ọ̀dà òkè fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má ṣe kun ibi tí nọ́ọ̀tì ń jókòó sí, nítorí ọ̀dà tí ó nípọn níbẹ̀ a máa fọ́, nọ́ọ̀tì a sì dẹ̀. Lẹ́yìn ìrìn kìlómítà 50 sí 100, ẹ tún nọ́ọ̀tì náà fún kí ó le.

Èrò ọkọ̀ kò lè rí ohun tí ó wà lábẹ́ ọ̀dà. Ẹ̀yin ni ó fi ẹ̀mí rẹ̀ lé lọ́wọ́.