Agolo Mílíìkì Kò Lè Fọ Òjé Kúrò Nínú Egungun

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ìlera àti ààbò ẹ̀ka wa sọ níbi ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ṣáájú ìjíròrò wa pẹ̀lú àwọn agbanisíṣẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ti ibi iṣẹ́ òru bọ́ sí ìpàdé yìí láì tíì fojú ba oorun, ẹgbẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá, ọ̀rọ̀ òjé ni. Òjé wà nínú bátìrì tí àwọn awakọ̀ wa ń lò. Ó wà nínú iṣẹ́ àwọn tó ń yọ́ bátìrì àlòkù. Ó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń jó rédíétọ̀. Ó sì wà nínú ọ̀dà àtijọ́ tí àwọn tó ń tún ara mọ́tò ṣe máa ń ha kúrò kí wọ́n tó kun òmíràn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun.

Láìpẹ́ a ó jókòó pẹ̀lú àwọn agbanisíṣẹ́. Nínú ìwé ìbéèrè tí àwọn kan nínú wa ti kọ, ohun tó wà lókè pátápátá ni owó ewu, ohun tó tẹ̀ lé e sì ni agolo mílíìkì fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí èéfín. Èmi kò lòdì sí owó. Ta ni yóò rí owó tí yóò ní òun kò fẹ́? Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ òjé, ohun tó yẹ kí á kọ́kọ́ béèrè ni kí wọ́n mú eruku òjé kúrò níbi iṣẹ́ wa. Kí owó máa bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

BÍ ÒJÉ ṢE Ń WỌ ARA

Òjé kì í gún ènìyàn bí abẹ́rẹ́, kì í sì í ta lẹ́nu bí ata. Bí wọ́n bá ń yọ́ ọ, èéfín rẹ̀ á gòkè, á sì di eruku kíkúnná tí ojú kò lè rí. À ń fà á símú. Eruku yẹn kan náà ń bà lé ọwọ́ wa, ọwọ́ a mú búrẹ́dì, a mú sìgá, òjé a sì gba ẹnu wọlé.

Bí ó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó ń ṣe bí àlejò tó wọ aṣọ ọmọ ilé. Ara ń ṣì í mú fún kálísíọ́ọ̀mù, èyíinì ni ohun tó ń mú kí egungun àti eyín le. Nítorí náà ara á gbé e pamọ́ sínú egungun, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣìṣẹ́ á ti fẹ̀yìn tì, òjé kò tíì fẹ̀yìn tì. Bí egungun bá ń gbó, tàbí bí obìnrin bá lóyún, òjé náà á tún máa jáde díẹ̀díẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀.

Iṣẹ́ ibi tó ń ṣe pọ̀. Ó ń dín ẹ̀jẹ̀ kù lára, ó sì ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ó ń fa inú rírun, àìrí ìgbẹ́ yà, orí fífọ́, ìgbàgbé àti ìbínú òjijì. Bí ó bá pọ̀ gan-an, iṣan ọwọ́ á kú, ọrùn ọwọ́ á sì rọ̀ wálẹ̀. Ó ń ba àtọ̀ ọkùnrin jẹ́, ó sì ń ba oyún jẹ́ lára obìnrin. Àárẹ̀ àti orí fífọ́ yìí jọ ti ibà, nítorí náà oògùn ibà ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sáré rà. Ẹni tó bá sì ń sọ pé, "Ara mi le, ọdún kẹwàá rèé tí mo ti ń ṣe é," kí ó mọ̀ pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè sọ iye òjé tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ òun.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu. Ní ọdún 2021 wọ́n là á sílẹ̀ pé bí ó bá ti dé máíkírógíráàmù 5 nínú dẹ̀sílítà ẹ̀jẹ̀ kan, kí wọ́n wá ibi tó ti ń wá, kí wọ́n sì dí ibẹ̀. Ẹ kíyè sí i: ibi tó ti ń wá ni wọ́n ní kí á dí.

ÒJÉ TÓ Ń BÁ WA DÉLÉ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òjé rí. Ó ń bá aṣọ iṣẹ́, bàtà àti irun orí wa lọ sílé. Bàbá dé, ọmọ sáré dì mọ́ ọn. Ìyá kó aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ọmọ, ó fọ̀ wọ́n pọ̀ nínú ọpọ́n kan. Ọmọ kékeré sì rèé, ohun tó bá gbé mì, ara rẹ̀ lè gba òjé inú rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbàlagbà. Ọpọlọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà. Ohun tí òjé bá bàjẹ́ níbẹ̀, oògùn kì í tún un ṣe.

Ní Thiaroye-sur-Mer, ní ẹ̀bá ìlú Dakar ní Senegal, àwọn ènìyàn ń yọ òjé lára bátìrì àlòkù. Nígbà tí òjé gbówó lórí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ilẹ̀ ibẹ̀ láti ṣa òjé, wọ́n sì ń kó o sínú àpò wọ ilé. Láàrin oṣù kọkànlá ọdún 2007 sí oṣù kẹta ọdún 2008, ọmọ 18 kú níbẹ̀. Oúnjẹ òòjọ́ ni àwọn ìyá wọn ń wá.

Ní orílẹ̀-èdè tiwa níhìn-ín, ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010, òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti rí wúrà ní òjé nínú. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà ni wọ́n fi lọ òkúta náà, eruku rẹ̀ sì bo àgbàlá ilé. Ọmọ tó lé ní irinwó (400) ló kú. Àwọn dókítà Médecins Sans Frontières wá pẹ̀lú oògùn. Ṣùgbọ́n ní abúlé Bagega, wọn kò lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àwọn ọmọ títí a fi fọ ilẹ̀ abúlé náà mọ́ ní ọdún 2013. Kí ló fà á? Bí wọ́n bá tọ́jú ọmọ lónìí, tí ó padà sínú eruku náà lọ́la, asán ni ìtọ́jú náà yóò já sí.

BÍ A ṢE Ń MÚ UN KÚRÒ

Ẹ wá gbọ́ bí a ṣe ń mú òjé kúrò, kí a lè mọ ohun tí a ó béèrè.

Nínú afẹ́fẹ́: wọ́n ń gbé ẹnu ẹ̀rọ tó ń fa èéfín sí orí ìkòkò tí wọ́n ti ń yọ́ òjé gan-an. Èéfín á gba inú asẹ́ alápò kọjá, eruku á sì há sínú asẹ́. Fáànù tó kàn ń fẹ́ èéfín gba ojú fèrèsé jáde kò mú nǹkan kúrò. Ilé aládùúgbò ló gbé e lọ.

Ní ilẹ̀: kí á má gba ilẹ̀ gbígbẹ, kí á má sì fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ eruku dànù. Omi ni kí á kọ́kọ́ fi rẹ ilẹ̀.

Nínú omi: ásíìdì inú bátìrì ní òjé nínú. Kò yẹ kí á dà á sí gọ́tà. Wọ́n ń fi láìmù pa agbára ásíìdì náà, òjé á sì sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà ṣì jẹ́ májèlé, ibi tí ọmọdé àti kànga kò sí ni kí wọ́n kó o pamọ́ sí.

Nínú erùpẹ̀: òjé kì í jẹrà. Ní Zamfara, ńṣe ni wọ́n ha ojú ilẹ̀ àwọn àgbàlá kúrò, wọ́n gbẹ́ kòtò sin ín sí ibi tó jìnnà, wọ́n sì kó erùpẹ̀ mímọ́ rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni.

Nínú ẹ̀jẹ̀: oògùn kan wà tó ń dì mọ́ òjé tí ó sì ń bá ìtọ̀ gbé e jáde. Dókítà nìkan ló lè fún ènìyàn. Èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé. Èyí tó ti wọ inú egungun kò rọrùn fún un láti tú. Ní Amẹ́ríkà, òfin kò gbà kí agbanisíṣẹ́ máa fún òṣìṣẹ́ ní irú oògùn yìí kí ó lè máa dúró nínú eruku lọ.

Mílíìkì ńkọ́? Òótọ́ ni pé kálísíọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá ń jẹun dáadáa, ara rẹ̀ kì í tètè gba òjé tó bá ti ẹnu wọlé. Oúnjẹ ni mílíìkì, ó dára. Ṣùgbọ́n èyí tí a bá fà símú, ẹ̀dọ̀fóró ni ó gbà lọ, mílíìkì kì í gba ibẹ̀. Bákan náà ni epo pupa. Agolo mílíìkì kan lẹ́yìn iṣẹ́ dà bí ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò tó wá ra aṣọ ìnulẹ̀.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ rántí epo bẹntiróòlù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún wọ́n ń fi òjé sínú rẹ̀. Ní ọdún 1924, òṣìṣẹ́ márùn-ún kú ní New Jersey ní Amẹ́ríkà níbi tí wọ́n ti ń ṣe èròjà náà, síbẹ̀ wọ́n ń tà á lọ. Ìgbà tí wọ́n yọ òjé kúrò nínú epo ni nǹkan yí padà: láti àárín ọdún 1976 sí 1980 títí di àkókò wa yìí, òjé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà fi ohun tó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ní ọdún 2021 ni Algeria, orílẹ̀-èdè tó kẹ́yìn, dá títa epo náà dúró fún ọkọ̀. Kì í ṣe mílíìkì ló ṣe iṣẹ́ yìí. Wọ́n dí orísun rẹ̀ ni.

OHUN TÍ A Ó BÉÈRÈ

Àwọn kan yóò ní, "Bí a bá béèrè jù, wọn yóò ti ilé-iṣẹ́ pa, kí ni a ó jẹ?" Ìbéèrè gidi ni, n kò fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ògìjó ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní ọdún 2025, ìjọba ti àwọn ilé-iṣẹ́ kan tó ń yọ́ òjé bátìrì níbẹ̀ pa nítorí májèlé tó ń jáde. Èéfín tí wọn kò kápá ló fà á. Ẹni tó ń béèrè pé kí èéfín dínkù, iṣẹ́ ló ń dáàbò bò.

Òfin sì wà lẹ́yìn wa. Òfin Ilé-iṣẹ́ ti ọdún 1987 pàṣẹ pé kí ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ mú eruku àti èéfín tó lè ṣe òṣìṣẹ́ ní jàǹbá kúrò. Òfin Ìsanpadà fún Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 sì ka àìsàn tí iṣẹ́ fà mọ́ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ san owó lé lórí. Agbanisíṣẹ́ ló ń dá owó náà, kọ́bọ̀ kan kò gbọdọ̀ tinú owó oṣù wa jáde.

Nítorí náà, mo dá a lábàá pé kí ìwé ìbéèrè wa lọ báyìí:

Èkíní, ẹ̀rọ tó ń fa èéfín lórí gbogbo ìkòkò òjé, kí wọ́n sì máa yẹ̀ ẹ́ wò déédéé.

Èkejì, omi, ọṣẹ, ilé ìwẹ̀, àti yàrá ìjẹun tó jìnnà sí eruku.

Ẹ̀kẹta, aṣọ àti bàtà iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ yóò máa fọ̀ fúnra rẹ̀, tí kò ní dé ilé wa.

Ẹ̀kẹrin, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lówó ilé-iṣẹ́, kí èsì rẹ̀ dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tí òjé bá pọ̀ lára rẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sí iṣẹ́ mìíràn láì dín owó oṣù rẹ̀ kù.

Ẹ̀karùn-ún, kí ásíìdì àti eérú má ṣe dé gọ́tà tàbí ààtàn àdúgbò.

Lẹ́yìn márààrún ni kí owó ewu wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣáájì bátìrì tàbí jó rédíétọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ara yín, ẹ kò ní máníjà tí ẹ ó bá jà. Ẹ máa ṣiṣẹ́ ní ìta gbangba, ẹ má jẹun nídìí iṣẹ́, ẹ fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ àti ojú. Ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má fọ́ bátìrì, ẹ má sì yọ́ òjé nínú àgbàlá ilé, ì báà jẹ́ ẹyọ kan.

Ẹ̀yin ará, àwọn agbanisíṣẹ́ yóò yára gbà láti san owó ewu, nítorí ó rọrùn fún wọn ju ẹ̀rọ lọ. Bí wọ́n bá gbé e síwájú wa, kí á rántí pé egungun wa ni wọ́n ń nájà. A kò tà á. Kí olúkúlùkù lọ ka ìwé ìbéèrè yìí, kí ó sì wá dìbò lé e lórí ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Ẹgbẹ́ wa kò ní tú o.