Ìdí tàbí Ipasẹ̀? Ìtumọ̀ àti Ìlò Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ‘Investigate’, ní Èdè Yorùbá

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí. Ọ̀rọ̀ náà ni ‘investigate’. Ojoojúmọ́ ni a ń gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ nínú ìròyìn orí rédíò: ọlọ́pàá ń ṣe ìwádìí, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣe ìwádìí. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bẹ́ẹ̀ àbùkù tí ọ̀kan nínú wọn máa ń mú bá ènìyàn kò sí lára àwọn yòókù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo orírun. Inú èdè Látìnì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú ‘investigate’, nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. ‘Vestigium’ tí ó wà nínú rẹ̀ kò túmọ̀ sí ohun mìíràn ju ojú ẹsẹ̀, ipasẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọdẹ ni, nígbà náà. Ẹran ti kọjá, ó ti fi ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ọdẹ tẹ̀ lé e títí ó fi bá a. Ìwádìí tiwa kò mọ ipasẹ̀ rárá. Wá àti ìdí ni ó para pọ̀ di wádìí. Ìdí ni ìsàlẹ̀ nǹkan, bí ìdí igi àti ìdí ìkòkò. Ìdí náà sì ni ohun tí ó fà á tí nǹkan fi rí bí ó ti rí. Àwọn àgbà ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ẹni tí ó bá béèrè ìdí orúkọ Kúmólú kò lépa ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìdílé náà kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ ni ó fẹ́ mọ̀. Ìyàtọ̀ tí mo rí nìyí: ẹni tí ó ń tọ ipasẹ̀ ti gbà pé ẹnì kan wà níwájú tí òun ń lé, ẹni tí ó ń wá ìdí lè má bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í fi ìgbà gbogbo pa ààlà náà mọ́. Ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ G. B. A. Coker ṣe olórí rẹ̀ ní 1962, láti yẹ àwọn àjọ kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà wò, ‘inquiry’ ni ó wà nínú orúkọ rẹ̀. Ti Adájọ́ Chukwudifu Oputa, tí Ààrẹ Ọbásanjọ́ gbé kalẹ̀ ní 1999, ‘investigation’ ni wọ́n fi sínú tirẹ̀. Èyí tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbé kalẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2020, tí Adájọ́ Doris Okuwobi darí, lórí ìyà tí àwọn ọlọ́pàá SARS fi jẹ ará ìlú àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Lẹ́kkí, ‘inquiry’ tún ni. Ìwádìí ni Yorùbá pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwọn kan yóò ní kí ni ó burú níbẹ̀. Nígbà tí mo ń kó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àwọn atẹ̀wé jọ ní agbègbè Ṣómólú, níbi tí iṣẹ́ ìwé títẹ̀ pọ̀ sí, mo dé Ọbáníkòró, lẹ́bàá ọ̀nà Ìkòròdú. Mo ní ìwádìí ni mo wá ṣe. Ìyá kan tí ó ń ta oúnjẹ fún àwọn atẹ̀wé gbé ṣíbí kalẹ̀. Ó ní, ‘Ọ̀gá, ta ló fẹjọ́ wa sùn?’ Mo ní, ‘Ẹ má bínú, Mà, kò sẹ́ni tó fẹjọ́ yín sùn. Ọ̀rọ̀ ẹnu iṣẹ́ ni mò ń kọ sílẹ̀.’ Ó ní, ‘Ẹ wí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìwádìí lẹ pè é.’ Ní ṣọ́ọ̀bù kejì, mo ní mo wá kọ́ orúkọ àwọn irinṣẹ́ wọn; wọ́n gbé àga fún mi.

Ó yà mí lẹ́nu pé Ọbáníkòró ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Orúkọ oyè ni orúkọ náà, oyè ìjòyè onífìlà funfun tí ó jẹ́ olórí àwọn Ògáládé ní Èkó, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ ìṣègùn àti Ifá. Lójú irú wọn, ẹni tí ara ọmọ rẹ̀ kò yá ni ó máa ń lọ ṣe ìwádìí. Àgọ́ ọlọ́pàá ni ọ̀rọ̀ náà ń rán ìyá olóúnjẹ létí báyìí.

Ohun tí ó wà nínú ewu nídìí èyí kì í ṣe ẹwà èdè. Bí rédíò bá ti ní wọ́n ń wádìí lágbájá, àwọn ará àdúgbò ti dá a lẹ́bi. Onílé a ní kí ó kó ẹrù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni abala 36 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 sọ pé ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn pàápàá kò tíì jẹ̀bi títí ẹ̀rí yóò fi dá a lẹ́bi, áḿbọ̀sì ẹni tí a kò tíì fi ẹ̀sùn kàn.

Ní tèmi, ìtọpinpin ni ó yẹ iṣẹ́ ọlọ́pàá, àwọn oníròyìn kan sì ti ń lò ó. Títọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ bá ipasẹ̀ inú ‘investigate’ mu. Ẹsẹ̀ náà ni a gbọ́ nínú ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ẹni tí ń rọra tẹ ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ìró rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ka Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969 yóò gbà pé ìtọpinpin ni Lápàdé ń ṣe. Kí a wá fi ìwádìí sílẹ̀ fún àwọn ìgbìmọ̀ àti fún àwa ọ̀mọ̀wé, nítorí pé ìgbìmọ̀ kì í dá ẹjọ́. Ó ń wá ìdí, ó sì ń dá àbá. Ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá 2021 ni ìgbìmọ̀ Okuwobi jábọ̀. Nínú àbá 32 tí ó dá, ìjọba Èkó gba 11 bí ó ti wà, ó tún 6 ṣe kí ó tó gbà wọ́n, ó kọ 1, ó sì ní 14 di ti ìjọba àpapọ̀. Ilé ẹjọ́ kọ́ ni èyí.

Ó ṣe é ṣe. Àwọn onímọ̀ èdè wa ti jókòó ṣe irú rẹ̀ nínú Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú apá kìíní rẹ̀ ní 1984.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí n kò lè fò kọjá: afurasí. Akọ̀wé ni ẹni tí ó ń kọ ìwé. Apẹja ni ẹni tí ó ń pa ẹja. Bí a bá tẹ̀ lé ìlànà yìí, afurasí ni ẹni tí ó ń fura sí ẹlòmíràn, èyíinì ni ọlọ́pàá fúnra rẹ̀! Ẹni tí a fura sí ni à bá máa pè ní àfurasí, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ lórí fáwẹ̀lì àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe ẹni tí a fẹ́ sọ́nà ní àfẹ́sọ́nà. Mo sọ èyí fún akàròyìn kan. Ó ní òun kò kọ̀, bí àwọn tí ń kọ ìròyìn fún òun bá lè fi àmì ohùn sí i.