Ìbéèrè Tí Olúwa Bi Èlíjà



Ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀ a máa ní ohùn púpọ̀. Ó ní èyí tí ó fi ń nájà, ó ní èyí tí ó fi ń dá ọ̀gá rẹ̀ lóhùn, ó sì ní èyí tí ó fi ń dá àwọn ará ilé lóhùn nígbà tí wọ́n bá bèèrè ìgbà tí yóò wálé. Bí ó bá pẹ́, ó lè ṣòro fún un láti mọ èyí tí í ṣe tirẹ̀ gan-an.

Ẹ jẹ́ kí a ṣí Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 19. Èlíjà sá fún ayaba Jésébẹ́lì, ó sì wọ inú ihò kan ní òkè Hórébù. Olúwa bi í léèrè ohun tí ó wá ṣe níbẹ̀. Ó ní òun nìkan ni ó kù, wọ́n sì ń wá ẹ̀mí òun. Ẹ̀fúùfù líle jà, ilẹ̀ mì, iná jó. Olúwa kò sí nínú wọn. Lẹ́yìn iná ni ohùn jẹ́jẹ́ dé. Ìbéèrè kan náà ni Olúwa tún bi í, ìdáhùn kan náà ni Èlíjà sì tún fún un.

Olúwa mọ ìdí tí ó fi sá. Ó bèèrè kí Èlíjà lè gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń wí. Ìdáhùn tí ó há sórí kò pé: 7,000 ènìyàn ni ó ṣẹ́kù tí kò kúnlẹ̀ fún Báálì. Olúwa sì rán an padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọmọ ìjọ kan gbà wá láyè láti sọ tirẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó fi ń wí pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí òun lè lọ sílé. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó ka orí yìí, ó dúró lórí ìbéèrè náà, ó sì gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ wí pé: “Olúwa, ẹ̀gbọ́n mi ni n kò fẹ́ rí.” Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ baba wọn ni ó dá ìjà sílẹ̀. Kò tíì lọ sílé, ṣùgbọ́n ó ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀rúndún kejìlá, Guigo Kejì, ẹni tí ó jẹ́ mọ́ńkì, fi irú kíkà báyìí wé àkàsọ̀ onípele mẹ́rin: kíkà, àṣàrò, àdúrà, àti dídákẹ́ níwájú Ọlọ́run. Nítorí náà, bí ètò yìí bá parí, ẹ pa rédíò yín. Ẹ ka orí náà jẹ́jẹ́, ní èdè tí ìyá yín fi kọ́ yín ní àdúrà. Ẹ fi orúkọ yín sí ipò orúkọ Èlíjà. Bí ó bá jẹ́ ìdáhùn àhásórí ni ó kọ́kọ́ wá, ẹ jẹ́ kí Olúwa tún bèèrè. Ohùn tí ó bá sì ń tì yín sí ẹ̀san, ẹ má ṣe gbà á. Kì í ṣe tirẹ̀.

Àwọn àgbà wí pé àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Kí Olúwa mú ọkàn wa padà sílé. Àmín.