Ojúlùmọ̀ Ṣáájú Ọjà



Gbogbo wa ni a gbọ́ nípa òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń kiri aṣọ láti abúlé dé abúlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Àwìn ni wọ́n ń tà. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọn kò ní dìde títí wọn yóò fi gba owó wọn. Ibẹ̀ ni orúkọ wọn ti wá. Ìlóṣòó yìí ni a fi ń rẹ́rìn-ín, a gbàgbé ohun tí ó ṣáájú rẹ̀. Ta ni yóò fi aṣọ sílẹ̀ láìgba kọ́bọ̀ fún ẹni tí kò mọ̀? Òṣómàáló ní láti mọ ilé oníbàárà, kí ó mọ oko rẹ̀, kí ó sì mọ ìgbà tí irè rẹ̀ yóò dówó.

Ohun tí ó ń dùn wá ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa a ṣí ṣọ́ọ̀bù láìkí aládùúgbò. Ọjà ni wọ́n ń fi lọ gbogbo ẹni tí ń kọjá, àti lórí fóònù pàápàá. Kí ọdún tó yípo, ìlẹ̀kùn ti tì, owó tí ìyá yá fún wọn ti run.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́ wọn láti wá ènìyàn kí wọ́n tó wá owó. Bí aṣọ kan bá máa ń ṣí, kí wọ́n sọ fún oníbàárà. Kí ó ti ọkàn wá o, nítorí ẹ̀rín ẹ̀tàn kì í pẹ́ tú.

Àwọn àgbà ní ènìyàn ni aṣọ. Ẹni tí yóò ta aṣọ, kí ó kọ́kọ́ fi ènìyàn bora.