Táyé àti Kẹ́hìndé Inú Àpáta

(Ìró òòlù lára òkúta. Yóò máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.)

OLÙKÀ: Tayé-tọ̀run ló mọ Igbó-Ọrà mọ ìbejì. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ìbejì kan wà nínú àpáta Ìbàràpá, agbègbè ìlú náà, tí ojú lásán kò lè rí.

Yuréníọ̀mù díẹ̀ wà nínú àpáta, bó ṣe wà nínú òkúta gbogbo. Rédíọ́mù náà wà níbẹ̀, ọmọ-ọmọ yuréníọ̀mù ni. Àwọn méjèèjì ń ta ìtànṣán gámà. Agbára ìtànṣán yuréníọ̀mù 235 jẹ́ 185.7 kilo-electronvolt, ti rédíọ́mù 226 jẹ́ 186.2. Ìdajì ẹyọ kan péré ló yà wọ́n! Ta ni Táyé, ta ni Kẹ́hìndé?

Ẹ̀rọ tó wọ́pọ̀ fún iṣẹ́ yìí ní jẹmáníọ̀mù nínú. Náítírójìn olómi ni wọ́n fi ń mú un tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́sì 196 nísàlẹ̀ òdo, nítorí ooru ara rẹ̀ nìkan tó láti da ìwọ̀n rú. Síbẹ̀, bákan náà ni ìbejì yìí rí lójú rẹ̀.

Nítorí náà, àwọn onímọ̀ a máa di erùpẹ̀ pa sínú ike fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí afẹ́fẹ́ rádọ́ọ̀nù tí rédíọ́mù ń bí má baà sá lọ. Òjé 214 àti bísímọ́ọ̀tù 214, tó ti ara rádọ́ọ̀nù náà jáde, ni wọn yóò wá wọ̀n. Wọn kò bi ìyá léèrè; àwọn ọmọ ni wọ́n ń bi.

(Ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀.)

Ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ NIST, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwọ̀n, ní Boulder àti ti ilé ìwádìí Los Alamos ti ṣe ẹ̀rọ tó tutù ju ìyẹn lọ fíìfíì: díẹ̀ ló kù kó dé 273 nísàlẹ̀ òdo, níbi tí òtútù parí sí. Bí ìtànṣán kan bá ba tánganran kékeré inú rẹ̀, yóò móoru díẹ̀ báyìí, ẹ̀rọ yóò sì ka ooru náà, débi pé ó lè mọ Táyé yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé. Ẹyọ kan kò lè mú ìtànṣán púpọ̀. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí, ni wọ́n bá to ọgọ́rùn-ún mélòó kan pọ̀.

Plutóníọ̀mù, irin tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù átọ́míkì, ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n kànga wa ni èmi ń rò. Rédíọ́mù tí a bá mu a máa wọnú egungun. Ó tọ́ kí ẹni tó gbẹ́ àpáta kó tó kan omi mọ èyí tó ń mu nínú ìbejì yìí.

Lónìí, erùpẹ̀ tí a bá bù ní Igbó-Ọrà ṣì ní láti gbé inú ike fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, wọn yóò gbé e sórí jẹmáníọ̀mù, wọn yóò sì máa retí ohùn àwọn ọmọ.

(Ìró òòlù yóò padà wọlé.)