Ẹ Ka Epo Inú Ọbẹ̀ Kẹ́ Ẹ Tó Ka Eré Sísá

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wa)

Ìgbìmọ̀ ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ lórí ìlera. Mo ní kí wọ́n pe dókítà, a kúkú ní wọn nínú ẹgbẹ́ yìí. Wọ́n ní àwọn dókítà á máa sọ èdè tí kò yé èèyàn, pé akọ̀ròyìn làwọn fẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tiwa ni ká wádìí lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀, ká sì wá sọ ọ́ bó ṣe yé wa.

Ohun tó jẹ́ kí n mú orí ọ̀rọ̀ yìí ni ohun tí ọ̀kan nínú wa kọ sórí WhatsApp ẹgbẹ́. N ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ní òun ti ń sáré láti oṣù kìíní, kìlómítà márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀, síbẹ̀ ìwọ̀n ò kúrò lójú kan. Ó ní òun á fi eré ọ̀hún sílẹ̀ jàre. Bẹ́ẹ̀ dókítà ti sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, àtọ̀gbẹ sì wà nínú ìdílé wọn. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jókòó padà, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti aṣọ tí kò wọlé mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò wa ń wò mí láti ọ̀hún yẹn. Sà, ẹ bá mi ṣọ́ ọ o. Kálórì kan, ìyẹn irú èyí tí wọ́n ń kọ sára páálí oúnjẹ, ni ooru tí yóò mú omi lítà kan gbóná sí i ní dígírì Celsius kan. Ẹni tó bá ń sáré ń ná nǹkan bíi kálórì kan lórí kílò ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Tó bá wọn kílò 80, tó sì sá kìlómítà 5, nǹkan bí 400 ló ná. Ìbáà sá a bí ehoro, ìbáà máa fà á bí ìgbín, iye náà ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Nínú 400 yẹn gan-an, díẹ̀ wà níbẹ̀ tí ara ì bá ná náà ká ní ó jókòó sílé.

Ẹ wá wo ìdí àwo. Epo pupa tàbí òróró, kálórì 9 ló wà nínú gíráàmù kan. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan á gbé nǹkan bíi gíráàmù 14, ìyẹn sún mọ́ kálórì 120. Ṣíbí mẹ́ta àti díẹ̀, eré àárọ̀ ti wọgbó. Ta ló sì ń ka ṣíbí epo nínú wa? Ẹ̀fọ́ rírò tí epo ò bá yọ lójú rẹ̀, a ó ní ahun ló sè é. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò 50 cl tó bá ní ṣúgà gíráàmù 10 nínú mililítà 100, kálórì 200 ni ṣúgà rẹ̀ nìkan. Ìgò bíà ńlá kan á tó 250. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sáré láàárọ̀ Sátidé, tó jẹ́ pé ìsọ̀ onísuyà lẹ máa ń já sí, ẹ mọ ara yín.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ọdún 2016 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Lagos City Marathon, eré kìlómítà 42 àti díẹ̀. Ẹni kílò 80 tó bá sá a délẹ̀ á ná nǹkan bí 3,400 kálórì. Kílò ọ̀rá ara kan ṣoṣo tó nǹkan bí 7,700. Ìyẹn ni pé gbogbo wàhálà yẹn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò mú ààbọ̀ kílò ọ̀rá kúrò lára. Ìyókù tí ìwọ̀n bá fi hàn pé ó lọ, omi ló pọ̀ jù níbẹ̀, á sì padà.

Àwọn onímọ̀ kan ní New York gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 1992 nínú New England Journal of Medicine. Wọ́n mú àwọn tó sanra, tí wọ́n ń sọ pé àwọn kì í jẹ tó 1,200 kálórì lóòjọ́, síbẹ̀ tí ìwọ̀n àwọn ò wálẹ̀. Wọ́n fún wọn ní omi tí wọ́n ti sàmì sí mu, wọ́n wá ń yẹ ìtọ̀ wọn wò kí wọ́n lè mọ ohun tí ara ń ná. Ara wọn ò lọ́ra rárá. Oúnjẹ tí wọn ò kọ sílẹ̀ tó ìdá 47 nínú 100 ohun tí wọ́n jẹ, wọ́n sì fi ìdá 51 lé eré ìdárayá wọn. N ò rò pé irọ́ ni wọ́n ń pa o. Eré máa ń dun èèyàn lẹ́sẹ̀, kì í ṣeé gbàgbé. Ẹ̀pà tí a bù jẹ nígbà tí à ń wo tẹlifíṣàn kì í dun ẹnikẹ́ni.

Aago ọwọ́ tó ń ka kálórì ńkọ́? Lọ́dún 2017, àwọn ará Stanford dán méje wò. Wọ́n ń ka ìlù ọkàn dáadáa, àmọ́ nínú kíka kálórì, èyí tó sàn jù ṣì fi ìdá 27 nínú 100 ṣìnà, èyí tó burú jù fi 93. Tí aago bá ní ẹ ti ná 400, ẹ má torí ẹ̀ lọ jẹ 400.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù jẹ́ ti ilé wa níbí. Lọ́dún 2009 wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn obìnrin agbègbè Igbó-Ọrà, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àti àwọn obìnrin adúláwọ̀ ní Maywood, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago. Tiwa ò sanra, tọ̀hún sanra. Gbogbo wa la ó ti sọ pé oko tí tiwa ń lọ àti ẹrù tí wọ́n ń rù ló fà á, àbí? Nígbà tí wọ́n yọ ti bí ara ṣe tóbi sí kúrò, ohun tí ìrìn àti iṣẹ́ ń ná wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ní ìhà méjèèjì, kò sí pé ẹni tó ń ná jù kọ́ ni ìwọ̀n rẹ̀ ń lọ sókè lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ìwé yẹn kó tó wọ̀ mí lára.

Ṣé ká wá má sáré mọ́? Rárá o! Ẹni tó ń ṣe eré ìdárayá déédéé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á rọlẹ̀, iṣan rẹ̀ á túbọ̀ máa gba ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, bí ìwọ̀n ò tilẹ̀ mì. Ẹni tó bá ti dín sanra kù, eré ló ń bá a di ibi tó dé mú. Ìyẹn ni mo fi ń bẹ ọ̀rẹ́ wa pé kó má dáwọ́ dúró, kó má sì tìtorí eré ju oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nù. Kí eré ní ìwé tirẹ̀, kí oúnjẹ ní tirẹ̀, kó má fi ọ̀kan san gbèsè èkejì.

Ìwé oúnjẹ yẹn kò le bí ẹ ṣe rò. Inú ìkòkò kan náà la ti ń jẹ, nítorí náà ìkòkò ni kẹ́ ẹ kà. Ẹ wọn epo kó tó wọ iná. Tó bá jẹ́ 20 cl, nǹkan bí 1,650 kálórì ni. Tí ọbẹ̀ náà bá jẹ́ àwo mẹ́jọ, epo nìkan gbé 200 wọ àwo kọ̀ọ̀kan. Ẹ dín in sí 10 cl, ẹni tó ń jẹ àwo méjì lóòjọ́ ti jèrè 200, ìdajì eré kìlómítà márùn-ún, láìwọ bàtà. Gàárì, gbígbẹ ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, nítorí gíráàmù 100 rẹ̀ á tó nǹkan bí 350. Iṣu, ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó gún un.

Ẹ má fi ebi pa ara yín o. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó dín oúnjẹ kù, kí ṣúgà má baà já wálẹ̀ lójijì. Ẹ má sì retí pé gbogbo oṣù ni iye kan náà á máa kúrò lára. Bí ara bá ṣe ń fúyẹ́ ni ìnáwó rẹ̀ ń dín kù. Kevin Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé ìyẹn nínú The Lancet lọ́dún 2011. Tí ìwọ̀n bá dúró, ẹ padà lọ wo ìwé oúnjẹ yín. Ìtọ́wò tẹ́ ẹ tọ́ wò nídìí àdògán, ẹ kọ ọ́. Èyí tẹ́ ẹ tún bù lẹ́yìn tí àlejò lọ tán, ẹ kọ òun náà.