Bí A Ó Ṣe Máa Tọ́jú Àwọn Lẹ́tà Ẹgbẹ́ Wa
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ ìtẹ̀síwájú ìlú wa

Alága ní kí n sọ̀rọ̀ ní ṣókí lórí títọ́jú àwọn lẹ́tà ẹgbẹ́ yìí. Mo dúpẹ́ fún iṣẹ́ náà, nítorí pé ó ti pẹ́ tí ọ̀ràn náà ti ń jẹ mí lọ́kàn.

Ní ayé àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, lẹ́tà tí akọ̀wé bá tẹ̀ ní ẹ̀dà tí a fi kábọ́ǹnù ṣe, inú fáìlì ni ẹ̀dà náà sì ń lọ. Bí akọ̀wé bá gbé iṣẹ́ sílẹ̀, a ru fáìlì lọ fún ẹni tí ó rọ́pò rẹ̀. Lónìí, ohun tí àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston ń kọ sí wa nípa owó gbọ̀ngàn ìlú, nípa ilẹ̀ ilé-ìwé, nípa owó ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ òrukàn, inú ímeèlì ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀. Bí ọlọ́jọ́ bá dé bá ẹni náà ńkọ́? Google kéde ní ọdún 2023 pé àkáǹtì aládàáni tí a kò bá lò fún ọdún 2 lè di píparẹ́ tòun ti lẹ́tà inú rẹ̀, láti oṣù Kejìlá ọdún náà. Èwo nínú àwọn opó wa ni yóò rántí ímeèlì olóògbé kí ọdún 2 tó pé?

Àwọn kan yóò wí pé lẹ́tà náà wà lórí fóònù, ó wà lórí kọ̀ǹpútà, nítorí náà ẹ̀dà rẹ̀ pọ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́nà tí a ń pè ní IMAP, lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn ń fi hàn. Bí ọmọdé bá ń fi fóònù ṣeré tí ó sì pa á rẹ́ níbẹ̀, yóò kúrò lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ilé-iṣẹ́ ńlá kì í ṣèèṣì. Ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2011, àṣìṣe kan nínú Gmail mú kí lẹ́tà àwọn oníbàárà kan pòórá. Téèpù tí a tọ́jú síbi tí àṣìṣe náà kò lè dé ni Google fi dá lẹ́tà wọn padà.

Àbá mi ni pé kí ẹgbẹ́ ra external drive méjì. Pẹlẹbẹ ni, ó wọ àpò agbádá dáadáa, okùn USB ni a sì fi ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Akọ̀wé tí ń lo Outlook lọ́nà POP yóò rí àwọn lẹ́tà rẹ̀ nínú fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .pst, inú fóldà Outlook Files, lábẹ́ Documents, ni ó sábà máa ń wà. Kí ó kọ́kọ́ ti Outlook pa pátápátá, nítorí pé fáìlì tí a ń lò lọ́wọ́ kì í ṣeé dà kọ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni kí ó dà á kọ sórí drive. Ẹni tí ń lo Gmail yóò gba tirẹ̀ láti Google Takeout. Bí fáìlì bá tó gígábáìtì 4, drive tí a ṣètò ní FAT32 kò ní gbà á. ExFAT ni kí a fi ṣètò rẹ̀, kí a sì ṣe é kí a tó kó ohunkóhun sí i, nítorí pé ìṣètò náà a máa nu gbogbo ohun tí ó bá lórí rẹ̀.

Kí akọ̀wé ṣí ẹ̀dà náà, kí ó ka lẹ́tà méjì mẹ́ta nínú rẹ̀, kí ó tó yọ okùn. Kí ó sì yọ ọ́ ní tòótọ́: àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ń ti fáìlì ènìyàn pa láti gba owó ìtúsílẹ̀, bí wọ́n bá bá drive lára kọ̀ǹpútà, wọn a ti òun náà pa.

Kí drive kan wà lọ́wọ́ akápò níhìn-ín, kí ẹ̀ka Lọ́ńdọ̀nù gbé ìkejì lọ, kí a sì máa pààrọ̀ wọn ní ìpàdé ọdọọdún. Nọ́ńbà báǹkì àwọn ènìyàn wà nínú lẹ́tà wọ̀nyí. Nítorí náà kí a fi páásìwọ́ọ̀dù tì wọ́n, kí a kọ ọ́ sínú àpòòwé tí alága àti akápò jọ fọwọ́ sí. Èyí tí ó wà nílé, kí akọ̀wé máa sọ ọ́ di tuntun ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí a sì kọ ọjọ́ náà sínú ìwé ìpàdé. Bí ilé bá gba àbá yìí, kí a fi lẹ́tà ilẹ̀ ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹjọ́ kò tíì tán lórí rẹ̀.